Kìnnìún Tó Ti Yó

Àwọn ará àdúgbò máa ń pe Ìyá Ẹranko ní akunlé. Àṣìṣe ni. Iṣẹ́ akunlé ni kó fi ọ̀dà bo ògiri kó sì máa lọ. Ayàwòrán ni obìnrin yìí. Ẹranko ló ń yà sí yàrá àwọn ọmọ jòjòló, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ èkejì, nítorí pé ilé kan kì í jọ èkejì.

Ojú mi ló ti ya ti ilé àbúrò mi obìnrin, nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ. Yàrá tí wọ́n fẹ́ lò fún ọmọ tuntun, yàrá àkọ́bí wọn obìnrin, ọlọ́dún mẹ́rin, ni tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí yàrá kejì, kò bá ikùn ìyá rẹ̀ ṣeré mọ́. Aṣọ ọmọ tí wọ́n rà sílẹ̀ ń pòórá, abẹ́ àga pálọ̀ la sì ti ń rí i. Àbúrò mi kò rí oorun sùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò ní fẹ́ràn àbúrò ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá kan."

Erin ni òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́, erin aláwọ̀ eérú tó bá aṣọ fèrèsé mu. Ìyá Ẹranko gbọ́, ó mi orí, ṣùgbọ́n kò mú pẹ́ńsù. Àṣà rẹ̀ ni pé ẹni tó kéré jù nínú ilé ló gbọ́dọ̀ bi léèrè kó tó fa ìlà kankan. Ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ gbalaja síbi tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ yóò wà, ó ń wo ògiri láti ìsàlẹ̀ bí ọmọ náà yóò ṣe máa wò ó. Ọlọ́dún mẹ́rin wá dúró lé e lórí.

"Ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, ọ̀gá mi. Ẹranko wo ni ká yà síbí?"

"Kìnnìún."

"Kí ló máa ṣe?"

"Kó jẹ ọmọ yẹn."

Àbúrò mi di ikùn mú. Mo ti la ẹnu láti bá ọmọ náà wí, àmọ́ Ìyá Ẹranko gbé ọwọ́ sókè sí mi. Kò tiẹ̀ dìde nílẹ̀.

"Ó dáa. Ṣé ebi ń pa kìnnìún náà ni àbí ó ti yó? Ikùn wọn kì í rí bákan náà, mo sì ní láti mọ èyí tí mo máa yà."

Ọmọ náà wo ògiri, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún wo ògiri.

"Ó ti yó. Ó ti jẹ búrẹ́dì."

"Kìnnìún kì í jẹ búrẹ́dì," ni mo sọ, bí tíṣà tí mo jẹ́.

"Èyí ń jẹ ẹ́, tíṣà," Ìyá Ẹranko dá mi lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀."

Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó po yẹ́lò mọ́ búráùn, ó fi kun bébà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un pò. Ó kun ún lẹ́ẹ̀kan, ó dúró kó gbẹ, ó tún kun ún. Lójoojúmọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ń wá yẹ ikùn kìnnìún náà wò.

"Kò tíì yó tó."

Wọn á tún fẹ̀ ẹ́ sí i, títí ikùn náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àbúrò mi. Ó ya èérún búrẹ́dì mọ́ irunmú kìnnìún náà. Mo sọ fún Ìyá Ẹranko pé ìka ẹsẹ̀ iwájú kan lé. Ó wò ó dáadáa, ó rí i pé òótọ́ ni, ó tún un ṣe, ó sì dúpẹ́. Ojú ló fi kẹ́yìn. Búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun ló fi yà á, ó pa ìpéǹpéjú rẹ̀ dé díẹ̀, bí ẹni tó jẹun tán tí oorun ń kùn.

Àbúrò mi bí, wọ́n gbé ọmọ wálé. Kò pẹ́ tó fi pè mí pé èèrà ti kún yàrá ọmọ. Mo gbé ìgbálẹ̀ lọ. Búrẹ́dì la bá lẹ́sẹ̀ ògiri, lábẹ́ ẹnu kìnnìún gan-an, ti àná àti ti òwúrọ̀ yẹn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti kó o ni ọlọ́dún mẹ́rin di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má kó o. Tí ebi bá pa á ńkọ́? Àbúrò mi wà níbí."

Mo dá búrẹ́dì náà padà síbi tó wà. Àmọ́ inú àwo ni mo kó o sí, nítorí èèrà.