Bàbá Mi àti Bisikíìtì Tuntun

Mo ṣì kéré nígbà náà, ìdílé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Iléṣà wá sí Agbówó ni, bàbá mi sì ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì fún ilé iṣẹ́ kan ní Ring Road. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó gbé búrẹ́dì dé ṣọ́ọ̀bù, kí ó já a, kí ó sì máa lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bàbá mi mọ ọkọ̀ wà! Bí ẹ gbé abọ́ omi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kò ní dànù.

Àfi bí ọ̀gá wọn ṣe pàṣẹ lọ́jọ́ kan pé gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa ta bisikíìtì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá rí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tí yóò gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara bàbá mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀ ní balùwẹ̀, ó ń fi ọṣẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìjẹ̀ṣà wo ni kò mọ ọjà tà?”

Ọlidé ni a wà, mo sì máa ń bá a jókòó níwájú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́ fún yín: ìkíni ni. Yóò kí oníṣọ́ọ̀bù, yóò béèrè àwọn ọmọ, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wọn. Wọn á gbé bẹ́ǹṣì fún un, wọn á fún un ní omi tútù. Bí ó bá ti mu omi yẹn, ó parí. Yóò padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bisikíìtì lábíyá.

“Mo ti di àlejò wọn,” ni yóò wí. “Ṣé àlejò máa ń pàtẹ ni?”

Nígbà tó fi di ọ̀sán Jímọ̀, ṣọ́ọ̀bù méjì péré ló tíì gbà á. A dé ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Bódìjà, omi tún dé, bàbá mi tún mu ún. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gba bisikíìtì yìí. Wọ́n fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi.”

Omi bọ́ lójú ìyá náà. Ó gba páálí mẹ́ta, ó sì pe gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó múlé tì í. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti pé mẹ́wàá. Mo rò pé bàbá mi yóò gbé mi jó ni. Ìgbà tí a dé Mọ́kọ́lá ló tó yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, o ò tà á. O tọrọ rẹ̀ ni.”

Ní ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló lọ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wọn. Takisí ló wá ń wà títí ó fi darúgbó. Kò bá mi wí rí lórí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ayé ti yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan fi ọ̀kadà gbé ẹrù wá fún mi ní Akóbọ̀ níbí. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, “Mọ́mì, a tún ní ọṣẹ, a ní òróró, ẹ bá mi mú ọ̀kan.” Ó ń sáré kà á bí àkọ́sórí, fóònù rẹ̀ ló ń wò. Mo ní kí ó dúró, mo wọlé lọ bu omi tútù. Kí n tó jáde, ó ti lọ. Mo dúró pẹ́ ní géètì pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, mò ń rò ó pé mi ò tilẹ̀ bi í bóyá wọ́n fẹ́ gba ọ̀kadà lọ́wọ́ òun náà.