Ẹ̀gbẹ́ Òkè tí Oòrùn Ọ̀sán Ń Jẹ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ ti ń yẹ ilẹ̀ oko wò ní ọ́fíìsì ọ̀gbìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọkọ rẹ̀ a máa ní òun ò mọ̀ bóyá ìyàwó lòun fẹ́ tàbí ebè.

Lọ́dún tó kọjá, oníṣòwò ajílẹ̀ kan gbé àwòrán méjì wá. Àgbàdo inú ọ̀kan ga ju èèyàn lọ. Ti èkejì ti rọ. Ó ní ajílẹ̀ òun ló fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀gá ní kí Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ lọ yẹ ilẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ síwèé pé ajílẹ̀ náà ṣiṣẹ́.

Orí òkè kan náà ni oko méjèèjì wà. Ibi tí wọ́n da ajílẹ̀ sí kọjú sí ìlà-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló ń kàn án. Ilẹ̀ dúdú, ó tutù, ekòló ń yí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ààlà níbẹ̀, ó rí àgbàdo mẹ́rin tó lalẹ̀ hù, tí ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kan sí nídìí. Ó ga bíi ti inú àwòrán.

Ó yí òkè náà ká. Lódìkejì, oòrùn ọ̀sán ń jẹ ilẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Koríko ò bò ó, òjò sì ti gbá ojú ilẹ̀ lọ. Òkúta ni ọkọ́ rẹ̀ ń bá. Ibẹ̀ ni wọ́n gbin àgbàdo tí kò rí ajílẹ̀ sí. 

"Ọ̀gá, oòrùn ló ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe ajílẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò dọ́gba."

Ọ̀gá ń ta eyín. "Ta ló bi ọ́ níbi tí òkè kọjú sí? Fọwọ́ sí i." Ó yọ ẹran kan láàárín eyín, ó wò ó, ó dá a padà sẹ́nu.

"Mi ò lè fọwọ́ sí i, sà."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ lọ máa ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó àpò jíjẹrà sí.

Màmá àgbàlagbà tó ni oko ẹ̀gbẹ́ ọ̀sán ra àpò ajílẹ̀ mẹ́ta. Òjò kan ṣoṣo gbá gbogbo rẹ̀ sódò. Nígbà tí Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ débẹ̀, omi odò náà ti di aláwọ̀ ewé, ó ń rùn.

"Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí," màmá wí.

"Irọ́ ni, mà. Ọ́fíìsì wa ló tàn yín."

"Ṣé o mọ̀ kí n tó rà á?"

"Mo mọ̀. Mi ò fọwọ́ sí i, àmọ́ mi ò wá sọ fún yín."

Màmá pòṣé, ó tutọ́ sílẹ̀, ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀ ò bínú. Òun náà ti ń rí ara rẹ̀ bí ohun ìríra.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń lọ to òkúta dábùú ẹ̀gbẹ́ òkè náà kí ilẹ̀ má baà máa ṣàn lọ. Òun àti màmá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ náà, wọ́n gbin ẹ̀wà tó lè fara da oòrùn dípò àgbàdo. Àpò ẹ̀wà kan ààbọ̀ ni wọ́n kó lóko náà. Màmá ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ oko nìkan ni.