Àrọ̀ Márùn-ún Nínú Àpótí Dígí Bàbá Mi

Láràárọ̀ Sátidé, òórùn omi ẹja ló máa ń jí mi nílé wa ní Fìdítì. Ó máa ń rùn bí aṣọ tútù tí èèyàn gbàgbé sínú báàgì, òórùn ọsàn tó ń jẹrà lẹ́yìnkùlé á sì wá bá a níbẹ̀. Àwa ọmọdé là ń pààrọ̀ omi náà. Bàbá mi á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa fìka júwe.

Tíṣà ni bàbá mi, díákónì sì ni pẹ̀lú. Ará ìjọ kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fún un ní àpótí dígí yẹn. Ó gbé e sí pálọ̀, ó kó ẹja epìyà mẹ́ta sínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn, ó sọ ibẹ̀ di ààfin, ó sì ń lé gbogbo ohun tó bá mí nítòsí. La bá sọ ọ́ ní Alága.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá kan tó ń sin ẹja ní Ìlọrà fún mi ní àrọ̀ kéékèèké márùn-ún tí kò gùn ju ìka lọ. Bàbá mi ní kí n dà wọ́n mọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó bá jọ ń jẹun kì í pẹ́ mọ ara wọn." Òótọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Alága ti mọ̀ wọ́n débi pé ó ti mọ adùn irùngbọ̀n wọn. Àwọn àrọ̀ bá sá sábẹ́ àpáàdì kan ní kọ̀rọ̀, wọn ò jáde mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé láyé ìgbà yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ kan burú ju olè jíjà lọ: kí ọmọ yan odì. Bí ọmọ méjì bá jà nílé wa, inú àwo kan ni wọ́n ti máa jẹun, orí ẹní kan ni wọ́n máa sùn, títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á ní, "Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀." Ẹnikẹ́ni kò béèrè rí èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Èmi àti Súnmbọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ni wọ́n ń fún ní ìtọ́jú yìí nígbà náà. Lábẹ́ aṣọ ìbora, Súnmbọ̀ á máa já mi léèékánná ní itan. Ìtọ́jú náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa: mo ti mọ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

Ọmọ tí a kọ́ ni mí, mo sì rí i kedere pé àwọn àrọ̀ ń yan odì. Mo ki ọwọ́ bomi, mo yọ àpáàdì náà kúrò, kí wọ́n lè kojú ara wọn bí onígbàgbọ́. Mo gbàdúrà fún Alága, mo sì gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, mẹ́rin ti léfòó. Ìkarùn-ún há mọ́ igun dígí, ìrù rẹ̀ ti fà ya. Alága wà nínú kòtò rẹ̀ ní àlàáfíà pípé.

Súnmbọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ ẹja, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o! Ìgbà wo lẹ máa sìnkú?"

Bàbá mi jáde wá. "Ta ló yọ àpáàdì yẹn?"

"Èmi ni, sà. Mo rò pé wọ́n ń yan odì ni. Wọn ò yan odì, sà. Wọ́n ń sá fún ikú ni." Ẹnu mi ò sì dúró níbẹ̀. Mo ká aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi sókè, mo fi itan mi hàn án. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lèmi máa sá sí?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Súnmbọ̀. Bàbá mi wo itan mi, ó wo àpótí. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu àrọ̀ tó kù sínú abọ́. Kí a tó jẹun alẹ́, ó ti ká ẹní mi lọ sí yàrá ìyá mi. Nínú gbogbo ìwàásù rẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò ní kókó mẹ́ta.

Lónìí, èmi ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ wa, èmi náà ti di ọ̀gá nínú ìjà píparí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́ ìyàwó kan wá bá mi tòun tojú tó wú. Mo kí i kú sùúrù, mo gbàdúrà gígùn, mo ní kó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Àdúrà náà dùn. Èmi ni mo ṣe àmín rẹ̀ sókè jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ tó rí òkú ẹja. Èmi àgbà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà mí kí n tó gun ọ̀kadà lọ kó ẹrù ọmọbìnrin náà wá sílé mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo bá a láàyè.