Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin tó Wà ní Yàrá Ẹ̀yìn

Ní ìgbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ru omi láti odò láìdà á sára, ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Kàbà. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí lè rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ìlú wa kọjá rí, kò sì gba ibẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀ ibùdó náà wà. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé orí ilẹ̀kùn àtijọ́ méjì ni bàbá bàbá mi kọ́ ọ sí. Màá gbìyànjú láti ya ohun tí mo fi ojú mi rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún mi, àti kúrò lára ohun tí èmi fúnra mi sọ.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá, bí gbogbo wa ṣe ń pe bàbá àgbà yìí, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ibùdó kékeré kan láàárín Ọ̀fà àti Ìlọrin ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Inú ilé àmì ló máa ń wà, ìyẹn ilé kékeré kan tó ga sókè lórí òpó. Àwọn ọ̀pá irin gígùn wà níbẹ̀ tí yóò máa fà, kí apá àmì lè gòkè tàbí kó wálẹ̀, kí ojú irin sì lè yí padà, kí ọkọ̀ kan yà sí ẹ̀gbẹ́ kí èkejì lè kọjá. Bí ó bá fa èyí tí kò yẹ, ọkọ̀ méjì lè forí sọ ara wọn. Ó ní èyí kò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun rí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo ti rí bó ṣe ń to iṣu sínú abà, tí kì í jẹ́ kí orí èyí kọjú sí ìdí ìyẹn, mo sì gbà á gbọ́.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kúrò ní iyè rẹ̀. Ohun kéékèèké ni lákọ̀ọ́kọ́. Ó padà wá mú ọkọ́ tó ti wà ní èjìká rẹ̀. Ó ń fi orúkọ àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni, wọn kò sì wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì ń sá kọfí sórí àpáta ni òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, láìwo ojú mi.

“Mo jí lónìí, n kò rántí iye ọ̀pá tó wà nínú ilé àmì. Ọ̀pá tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Màá kọ́ ibẹ̀ kalẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó lọ tán.”

Ìdí tó fi kọ́ ọ nìyẹn. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn aládùúgbò rò pé eré ni, tàbí pé àgbàlagbà kò ríṣẹ́ ṣe. Ohun tó bá ti wà lórí pákó náà, ìyẹn kò ní lè bọ́ lọ mọ́. Bó ṣe rò ó nìyẹn.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe irin, ọparun tó là wẹ́wẹ́ ló sì tò sábẹ́ rẹ̀ bí igi ìdábùú. Ó fi agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀, ìdérí ìgò sì ni ẹsẹ̀ wọn. A kò ní iná tó lè mú wọn rìn, nítorí náà òwú dúdú ló so mọ́ ọkọ̀ iwájú, èmi ni mo sì máa ń fà á láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi sọ pé, “Dúró.” Ó fi páálí kọ́ ilé tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì kùn ún. Ó ti kànrìnkàn bọ inú omi ewé, ó fi ṣe orí igi. Èérún igi tí mo tọrọ lọ́dọ̀ káfíńtà ló di koríko, lẹ́yìn tí a pa á láró ewé, tí a sì sá a gbẹ. Ó mọ ibi tí igi mángòrò wà, ó mọ ibi tí tánkì omi wà, ó mọ ọ̀nà tí àwọn obìnrin oko ń gbà gorí irin lọ sínú ìlú. Bí ó bá gbé nǹkan kalẹ̀, a fa ọwọ́ sẹ́yìn, a wò ó, a sún un bí ìbú èékánná, a sì mí kanlẹ̀.

Ìyá àgbà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. “Ọkọ mi, gbogbo ọdún tí o fi wà níbẹ̀, ọkọ̀ yín kò gbé mi dé ibì kan. Ṣé èyí ni yóò wá gbé mi?”

Bàbá á ní kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ná.

Ilé àmì ló fi sẹ́yìn, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sẹ́yìn oúnjẹ. Ó ti kọ́ ọ tán, ó dára ju gbogbo ìyókù lọ, ó ní àtẹ̀gùn, ó sì ní fèrèsé tí a fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ṣe. Orí pẹpẹ ló gbé e sí. Kò sọ ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bi í. Èmi náà kò bi í.

Ó kù kí a ṣe òkè. Bàbá ní àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ibùdó gidi náà, ó sì fẹ́ kó le dáadáa. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ kí ilẹ̀ ilé le tí kò sì ní sán, erùpẹ̀ ọ̀gán la máa ń gún. Èmi ni mo lọ bù ú wá láti ẹ̀yìn oko, agbọ̀n mẹ́ta. A gún un, a pò ó, a fi mọ òkè náà, ó sì le bí òkúta. Bàbá fi ẹ̀yìn ìka kàn án, ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a ti yàrá náà, gbogbo wa sì lọ sí oko fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a padà dé, tí mo fa òwú, ọkọ̀ sàdíìnì rìn díẹ̀, ó sì rì. Mo fi ọwọ́ kan igi ìdábùú, ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ikán ti jẹ ọparun láti inú, ó ti jẹ páálí ilé tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì. Òkè tí a fi ọ̀gán mọ nìkan ló dúró gírígírí.

N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé inú erùpẹ̀ ọ̀gán tí mo bù, tó jẹ́ ilé ikán tẹ́lẹ̀, ni ikán náà ti wá. Ilé amọ̀ ni ilé wa, ikán sì ti wà lára ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo ti kà lẹ́yìn náà pé bí ìyá ikán kò bá sí láàárín wọn, wọn kì í pẹ́ láyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ògiri ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ru agbọ̀n mẹ́ta yẹn, kò sì sí ìwé tí mo lè kà tí yóò sọ̀ ọ́ kúrò lórí mi.

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó wá ilẹ̀kùn mìíràn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbà á ní gbogbo ìgbà òjò náà. Bí ibùdó ṣe ń padà bọ̀ sípò ni iyè rẹ̀ ń lọ. Ó gbé igi mángòrò kalẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo sún un sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi náà ni mo rántí ibi tánkì omi. Mo lè ràn án lọ́wọ́ dé ibẹ̀, nítorí pé mo ti rí wọn lórí pákó àkọ́kọ́. Nígbà tó wá kan ilé àmì, kò sí ohun tí mo rí rí.

Ó mú un sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó gbé e lé ọwọ́, ó jókòó síwájú pákó. Apá méjì ni ojú irin ní: apá ìlú àti apá oko. Ó wo apá ìlú. Ó wo apá oko. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà gbé oúnjẹ wá, ó gbé e padà, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó ní kí èmi gbé àwo náà lọ, bóyá yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá gbé ojú sókè sí mi. Bí ẹni tó ń bi àgbàlagbà ni ohùn rẹ̀ rí. “Apá wo ni mo máa ń jókòó sí?”

“Apá ìlú ni, Bàbá.”

Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́. N kò mọ̀. N kò tilẹ̀ rí ọkọ̀ ojú irin rí. Mo fẹ́ kó jẹun ni. Ó gbé ilé àmì sí apá ìlú, ó sún un bí ìbú èékánná, ó mí kanlẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba àwo.

Láti ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tí n kò gbọ́ rí. Ó ní nítorí pé apá ìlú ni òun jókòó sí, òun máa ń gbọ́ òórùn àkàrà ní òwúrọ̀. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń juwọ́ sí òun láti ìsàlẹ̀. Ó ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló hu ẹ̀ka. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé irọ́ ni, kí ni màá fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá àgbà, tí kò mọ ohun tí mo ṣe, ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Mọ̀pà. Ẹni yìí ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó náà nígbà tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìyá àgbà rò pé bí wọ́n bá jọ sọ̀rọ̀, iyè ọkọ rẹ̀ á sọjí. Ẹ̀rù bà mí títí ọkùnrin náà fi dé. Ó kí wa, “Okun o,” láti ìta, ó sì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Bàbá mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà. “Ìwọ tó ń sùn lórí tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Ìwọ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ariwo irin rẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin náà na ìka sí ilé tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní fèrèsé òun rè é. Ó na ìka sí mángòrò, ó ní ewúrẹ́ ta ni kò jẹ èso rẹ̀. Ìka rẹ̀ dé ilé àmì, ó sì dúró.

“Ta ló gbé e síbí? Apá oko ni mo mọ̀ ọ́n sí.”

“Ọmọ yìí ló rán mi létí,” ni Bàbá wí.

Ọkùnrin náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Bàbá ti na ọwọ́ láti ṣí ilé àmì kúrò, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i. Ó rọra di ọwọ́ náà mú.

“Dúró ná. Láti fèrèsé mi, ní ìrọ̀lẹ́... Ó lè jẹ́ apá ìlú. Ó ti pẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Fi í síbẹ̀.”

Èmi ni mo sin ọkùnrin náà dé ojú ọ̀nà. Mo jẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà náà, mo ní mi ò mọ̀, mo kàn sọ ọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ òtítọ́ fún mi, kí ẹnì kan ṣáà mọ̀ ọ́n nínú ilé wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀, ó dáhùn.

“Nígbà tí mo wọlé, ó dá mi lójú. Nísinsìnyí, bí mo bá ti pa ojú dé, ibi tí ẹ gbé e sí ni mò ń rí. Má bínú, ọmọ mi.”

Títí di òní n kò mọ̀ bóyá àánú ló fi sọ bẹ́ẹ̀, tàbí pé mo ti ba ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù jẹ́ ni. Àwọn méjèèjì ti lọ. Ìyá àgbà náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn, ó ti gba ayálégbé sí i.

Ayé ti yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Ẹ̀yin ń ya àwòrán iṣu kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ń jiyàn lórí ohunkóhun, fóònù kan á yọ jáde, ẹnì kan á sì dákẹ́. Ní ìgbà tiwa, kò sí ẹni tó ya àwòrán ibùdó náà, èyí tó wà láyé tàbí èyí tó wà lórí pákó. Mo ti wá ibẹ̀ lórí máàpù fóònù mi, èyí tí wọ́n yà láti òkè. Mo rí ojú irin, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí igbó fi di àwọ̀ ewé lásán. N kò rí òrùlé kankan ní apá ìlú. N kò rí ọ̀kankan ní apá oko.

Bí ẹ bá ní àgbà nílé, ẹ lọ bi í léèrè nísinsìnyí, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ohun tí ẹ̀yin rò pé ó ṣẹlẹ̀ kó sì sọ fún yín pé rárá, kò rí bẹ́ẹ̀.