Wọ́n Ní Faransé Ilé Wa Kì Í Ṣe Faransé

Corinne Saucier kì í ṣe ẹni tí í tètè bínú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré létí odò Saint John, níbi tí ilẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ti parí tí Kánádà sì ti bẹ̀rẹ̀ lódìkejì omi, yóò sọ fún ọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti lè gbé agbọ̀n ló ti ń bá wọn ṣa pòtétò lóko nígbà ìkórè, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. Ẹni jẹ́jẹ́ yìí náà ni wọ́n wá mú bínú.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan nísàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wọn, irú ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ti lè sín kí gbogbo ilé má gbọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú ẹ̀kọ́ kejì tí yóò fi ti ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní máínọ̀, èdè Faransé ni Corinne mú. Ó nídìí. Bó bá ti gba ìsinmi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú wọn ló ti máa ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ṣàkíyèsí pé bí àìsàn ìgbàgbé bá ti mú àgbàlagbà ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń fò lọ. Faransé tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ló ń ṣẹ́ kù. Arúgbó á máa bẹ̀bẹ̀ fún omi, nọ́ọ̀sì tó ti ibòmíràn wá á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, á tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, á sì bá tirẹ̀ lọ. Corinne gbọ́ èdè náà, ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì lè fi ka ìwé ìwòsàn. Ohun tó fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitcomb ni olùkọ́ wọn, ọmọ Massachusetts tó lọ kọ́ Faransé ní Paris, tí kì í bọ́ síkáàfù lọ́rùn bí oòrùn tilẹ̀ ń yọ ojú ẹni. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí kálukú dìde, kó fi Faransé sọ bó ṣe lo ìsinmi rẹ̀. Ó kan Corinne. Ó dìde, ó sì ń ròyìn bí òun àti ìyá àgbà òun ṣe wa ọkọ̀ kọjá afárá lọ kí ẹbí lápá Kánádà, àti bí ọkọ̀ ṣe dákú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. “Char” ló pe ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Nígbà tó fẹ́ sọ pé “nísinsìnyí”, “asteure” ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbọ́wọ́ sókè.

“Dúró ná, Corinne. Níbo lo ti kọ́ eléyìí?”

“Nílé, sà.”

“Ó hàn. Faransé ilé ìdáná nìyẹn. Ká má tan ara wa jẹ, kì í ṣe Faransé rárá. Tó o bá fẹ́ gba máínọ̀ yìí, wàá kọ́kọ́ gbàgbé gbogbo ẹ̀.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Asteure ti di orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá ń kọjá nílé oúnjẹ, wọ́n á ní, “Asteure, ibo lo gbé char ẹ sí?” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Nígbà ìsinmi Ìdúpẹ́, ó délé, ó sì rò ó fún Mémère Albertine, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Ìyá náà ń dín ployes, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ adìẹ. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó pa iná, ó jókòó, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, èèwọ̀ ni Faransé nílé ìwé, ìbáà jẹ́ ibi eré. Lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó bá fi Faransé tọrọ ọ́. Tíṣà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́nu níwájú gbogbo ọmọ, ibẹ̀ náà ló sì tọ̀ sára sí.

“Mo wá pinnu pé ọmọ tèmi ò ní jẹ irú ìyà yẹn,” ni Mémère wí. “Ìdí tí n ò fi bá ìyá ẹ sọ ọ́ nìyẹn. Ìwọ ni mo bá sọ ọ́, torí mo ti darúgbó, n ò bẹ̀rù tíṣà kankan mọ́.”

Ẹ wo nǹkan. Wọ́n fìyà jẹ ìyá àgbà nítorí pé ó sọ ọ́, wọ́n tún fi ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀sín nítorí pé kò sọ ọ́ bí ará Paris. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ẹnu, wọ́n tún wá ń béèrè ohun tó dé tí ẹnu náà kò mọ́. Corinne bínú wàyí. Ó ní òun á fi máínọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn.

Mémère mi orí. “Bó bá di ọjọ́ tí èmi náà ń bẹ̀bẹ̀ omi, ta ló máa gbọ́ mi? Padà lọ, jàre. Kọ́ tiẹ̀, má sì sọ tiwa nù. Ẹni tó ní ẹ̀wù méjì ò jí ti ẹnikẹ́ni.”

Ó padà. Nígbà tí yìnyín ń yọ́, àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì kéde pé àwọn fẹ́ pa ẹ̀kọ́ Faransé rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitcomb ránṣẹ́ pe Corinne sí ọ́fíìsì. Ó ní kó wá bá òun bá ìgbìmọ̀ aláṣẹ sọ̀rọ̀, pé nítorí ó jẹ́ ọmọ àwọn tó ni èdè náà, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀.

“Faransé èwo ni kí n lọ gbèjà, sà?” ni Corinne bi í. “Ti ilé ìdáná?”

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní àwàdà lòun ṣe.

“Wọ́n fi ọṣẹ fọ ẹnu ìyá mi àgbà nítorí àwàdà yẹn. Iwájú kíláàsì lẹ ti sọ pé kì í ṣe Faransé. Iwájú kíláàsì náà ni kí ẹ ti mú un kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó sọ ti ìgbìmọ̀.”

Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní kíláàsì, ó ṣe é, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ní òun ṣàṣìṣe, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni asteure, pé nígbà kan rí, àwọn ọlọ́lá pàápàá ń sọ ọ́ nílẹ̀ Faransé. Ìyẹn tún bí Corinne nínú. Bí àwọn ọlọ́lá kò bá sọ ọ́ rí ńkọ́? Ṣé ẹnu Mémère kò tó ẹ̀rí ni? Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, kò sì yẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ayé ti yí, pé fóònù lè túmọ̀ ohun gbogbo. Corinne dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, fóònù ò gbọ́ ohun tí arúgbó ń sọ nígbà tí eyín ti tán lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ti fi ìyà pa èdè yìí tì rí, kò kú. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ pa á.”

Ìgbìmọ̀ jíròrò ọ̀rọ̀ náà. Àbọ̀ ìpinnu ni wọ́n ṣe: kí àwọn tó ti wọlé parí tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé mọ́. Nígbà tí àwọn yẹn ń parí lọ, wọ́n dá Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitcomb náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó ń kó ìwé rẹ̀ lọ, ó na ọwọ́ sí Corinne, Corinne bọ̀ ọ́. Kò kórìíra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì àti Faransé jọ wà lórí ìwé ẹ̀rí. Ó padà sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ní àwọn ọ̀rọ̀ Faransé tí wọn kò gbọ́dọ̀ má mọ̀: ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, mo fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, kọ́lẹ́ẹ̀jì pè é lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ síta, kí ayé lè rí i pé ibẹ̀ làwọn ọmọ elédè Faransé ti ń gòkè àgbà. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti dá ẹ̀kọ́ náà padà. Wọ́n ní rárá. Ó ní òun náà kọ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó ṣì ń fọwọ́ na tábìlì bó ṣe ń rò ó fún Mémère.

“Èdè wo lo fi kọ̀ fún wọn?” ni Mémère bi í.

“Gẹ̀ẹ́sì ni, Mémère. Mo fẹ́ kó yé wọn.”