Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Bẹ́ńṣì Bàbá Lọ

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹnì kan ò sọ ọ́ fún mi, n ò gbọ́ ọ lórí rédíò, n ò sì kà á nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Mo dúró níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ayùn wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí bí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣe ń di ẹrù wọn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu aago fún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjọba ló lé àwa káfíńtà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Challenge, irọ́ ló ń pa. Bó bá ní a gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan ni, irọ́ ńlá nìyẹn. Mo wà níbẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọmọ àná ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́, n ò sì tijú ẹ̀. Àwọn tó kàwé ló ń jókòó sórí ohun tí mo kàn. Láti Bódìjà títí dé Ring Road, ẹ wọ ilé tó bá níláárí, ẹ ti àga wọn wò. Bí kò bá mì, tèmi ni. Tọwọ́ nìyẹn. Tẹnu ńkọ́? Ẹni tó bá wá ra àpótí ìjókòó lọ́dọ̀ mi, tábìlì ìjẹun ló máa gbé lọ, á tún máa dúpẹ́. Lọ́yà kan wá bá mi rí, ó ní ilé òun ti kún, òun kàn yà wò ni. Kó tó lọ, ó ti ra kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ká fi ọ̀rọ̀ rọ ènìyàn títí á fi gbà, oúnjẹ òòjọ́ mi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n dénú eegun. Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà darí ènìyàn, èyí tí kì í la ẹnu rárá, òun ló ń bí mi nínú títí dòní.

Abẹ́ igi fúrúùtù kan la wà, káfíńtà mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ń rán tìmùtìmù àga. Baba tó ni ilẹ̀ náà fẹ́ràn wa. Kí wọ́n tó kú, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn wá síbẹ̀, wọ́n pe àwa náà, wọ́n ní, “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé àwọn ènìyàn yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ ara wọn kúrò, kí ẹ ṣe ilẹ̀ yín bó ṣe wù yín.” Àwọn ọmọ náà gbà, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Kò sẹ́ni tó lè lé wa, àfi tá a bá fúnra wa lọ.

Bàbá, àgbà káfíńtà wa, ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. N ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó tiwọn. Wọ́n ní bẹ́ńṣì iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ìrókò kàn, ayùn ti la àpá sí i lára bí ojú ará Ọ̀yọ́ àtijọ́. Yàtọ̀ sí èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ní Àpáta, àti ọ̀rẹ́ mi onítìmùtìmù, ọwọ́ Bàbá ni gbogbo àwọn tó kù ti kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ ṣe fírídọ̀mù, Bàbá á ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bẹ́ńṣì náà, wọ́n á wá gbé ọwọ́ tiwọn lé e lórí, wọ́n á ní, “Ibi tí bẹ́ńṣì yìí bá wà, ire rẹ ò ní í jìnnà síbẹ̀.” Gbogbo wa á ṣe àmín, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Èmi náà máa ń ṣe é. Àdúrà ṣáà ni. Ta ló mọ̀ pé ó máa wá di ìjánu?

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ onílẹ̀ rí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀. Wọn ò lè lé wa, ni wọ́n bá rán éjẹ́ǹtì kan sí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkóòtù, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀ bí oyin. Ó dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó na fóònù sí wa lójú.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ wo ibi tí wọ́n wá fún yín lẹ́yìn Àpáta. Ó fẹ̀, ó tutù, kò sí ariwo mọ́tò.”

Ọ̀rẹ́ mi onítìmùtìmù ní, “Itẹ́ òkú náà ò ní ariwo mọ́tò.”

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ náà ò bínú, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Iná ò ní í máa lọ níbẹ̀. Omi á wà. Wọ́n á bá wa kó ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ débi tó dùn ún dé, mo wá dìde.

“Ọmọ mi, oníbàárà mi ń ti Ring Road wá, ó ń ti Bódìjà wá. Ó rí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tẹ bíréèkì. Ta ló máa wa mọ́tò wọgbó lọ tẹ bíréèkì?”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n máa la títì débẹ̀.”

“Kí wọ́n kọ́kọ́ là á ná, kó o tó wá là wá lọ́yẹ̀!”

Wọ́n pariwo. Ọmọ náà nu ojú. Ó yí sọ́dọ̀ Bàbá tí wọ́n ń fá pákó jẹ́jẹ́, tí wọn ò tíì gbójú sókè. “Bàbá, kí ni ẹ̀yin rí sí i?”

Bàbá ní, “Mò ń gbọ́.” Wọ́n ń fá pákó wọn lọ.

Ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀rọ̀ títí ohùn fi há. Ọ̀rẹ́ mi gbé omi fún un pẹ̀lú àánú. Ó lọ. Àwọn ènìyàn mi ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín mú ju ayùn lọ!” Mo lọ sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó ṣẹ́gun. Mo sì ṣẹ́gun lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí píkọ́ọ̀pù kan fi dé láàárọ̀. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ńṣì Bàbá, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, torí ìrókò ò fúyẹ́. Bàbá dúró tì wọ́n, ọwọ́ wà lórí ọ̀pá. Bàbá wò wá káàkiri, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa.” Wọ́n wọnú mọ́tò.

Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè pé “Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?” Ìpẹ̀kun abẹ́ igi ni èmi wà, ẹ̀rọ ìlapákó ń han létí mi. Kí n tó pa á, kí n tó sáré dé iwájú, píkọ́ọ̀pù ti bọ́ sí títì.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tú tapolíìnì ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìṣó sínú garawa.

Mo ní, “Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i ni? Bàbá ti lọ.”

“Bàbá ní kó o lọ?”

“Ṣé ó dìgbà tí Bàbá bá sọ̀rọ̀?”

“Fóònù wà lápò ẹ. Pè wọ́n, kó o bi wọ́n!”

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lu bàbá ẹ̀. “Kí n bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe? Ṣé ẹ gbọ́n ju Bàbá lọ ni? Nǹkan tí wọ́n rí la ò rí.”

Mo gun orí pákó, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fi lé éjẹ́ǹtì náà ni mo tún sọ, mo tún fi iyọ̀ sí i. Mo rán wọn létí ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n.” Wọ́n ń mi orí, wọ́n sì ń dẹrù! Ká ní wọ́n bá mi jiyàn ni, mo lè borí wọn. Ẹni tó gbà pé òótọ́ lo sọ, tó ń gbé àpótí sórí, kí lo fẹ́ bá a sọ? Ọ̀kan nínú wọn wá fi ọ̀rọ̀ gún mi. “Ẹ má bínú o, ẹ ò ṣe fírídọ̀mù yín níbí. Kò lè yé yín.”

Ẹni tó ń rọ̀ ọ́, iwájú rẹ ló dúró sí. Ò ń rí ẹnu ẹ̀, o lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Èkejì, ẹni tí kì í la ẹnu, ẹ̀yìn ọrùn ló ti dì ọ́ mú, o ò sì ní í mọ̀ pé ẹnì kan dì ọ́ mú. Ìwọ á rò pé ẹsẹ̀ rẹ ló ń gbé ọ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi onítìmùtìmù náà ń ká aṣọ ẹ̀. Mo ní ìwọ náà kẹ̀? Ó ní, “Ta ni mo fẹ́ rán tìmùtìmù fún níbi tí kò ti sí àga?” N ò lè bá a wí.

Ibi tá a ti ń sọ ìyẹn ni éjẹ́ǹtì náà ń kọjá lọ. Ó dúró, ó ṣí gíláàsì mọ́tò, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?” Kò mọ nǹkan kan! Ọmọ tó fi ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀fẹ́ ló wá bá ilẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí i. Ó ti ń tẹ fóònù kí n tó yíjú padà.

Mo mọ̀ pé Akobo ni ọmọ Bàbá ń gbé, mo wọ kẹ̀kẹ́ débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo béèrè títí mo fi dé ilé ẹ̀. Bàbá wà níta, wọ́n na ẹsẹ̀, ọmọ wọn ń fi omi gbígbóná jó orúnkún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé bẹ́ńṣì?”

“Orúnkún yìí ni. Ọmọ mi ní kí n wá sinmi. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e wá, kí n lè máa rí i.”

“Gbogbo wọn ti di ẹrù tẹ̀lé yín!”

Bàbá sún omi kúrò. “Tẹ̀lé mi lọ síbo? N ò sọ nǹkan kan.”

“Ìyẹn náà ni mo wí, Bàbá. Ẹ ò sọ nǹkan kan.”

“Kò sẹ́ni tó bi mí.” Ohùn wọn lọ sílẹ̀. “Mo rò pé ó dàbọ̀ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi.”

Wọ́n ní kí n bá wọn pe àwọn ọmọ náà. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá wọn pè gbọ́ pé Bàbá ò ní kí wọ́n lọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ ń dán wa wò ni. A ti mọ èrò yín.” Bàbá da fóònù padà fún mi, wọ́n ń wo bẹ́ńṣì náà nínú gáréèjì bí ẹni tó bí ọmọ tí kò mọ̀. Inú bí mi sí wọn, àánú wọn sì ṣe mí. N ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí mo padà dé Challenge lọ́jọ́ kejì, wáyà ti yí ilẹ̀ náà ká. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwọn ò yẹ ọ̀rọ̀ bàbá àwọn, àwọn tí wọ́n fi í lé lọ́wọ́ ti fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ, ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè pe ara ẹ̀ ní àwa. Mo sọ̀rọ̀ fún wọn títí. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n tẹ́tí, wọ́n kí mi kú ìsapá. Ṣé ẹ rí i?

Ìta ilé mi ni mo ti ń kan àga báyìí. Iṣẹ́ mi ṣì dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tẹ bíréèkì níwájú ẹ̀. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn Àpáta, nínú igbó tí mo sọ, wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni Bàbá ń tọ́ka sí. Wọn ò tíì la títì kankan débẹ̀. Àwọn méjì ti ń gun ọ̀kadà.

Ohun tó lọ nìyí. Ṣẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá. Ẹ̀rọ ìlapákó kan tá a jọ ń lò. Igi fúrúùtù kan, wọ́n gé e. Bẹ́ńṣì kan, ó wà ní Akobo, wọ́n ń to ike omi lé e lórí.