Àpótí Fáàfù Bàbá Ọlágbayì

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi bí àpótí fáàfù Bàbá Ọlágbayì ṣe dé Òmù-Àrán ni ọ̀gá mi, Bàbá Ajíbádé ará Èsìẹ́, tó kọ́ mi níṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti ámúpilifáyà. Ó ní nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn, tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń wálé sin òbí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bàbá Ọlágbayì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta gìtá kiri láti Ìjàrà-Ìsin títí dé Òkè-Ọdẹ, ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀. Wọ́n dáwó jọ, ọmọ ìlú kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi sì bá wọn gbé àpótí náà wá láti òkè òkun.

Àpótí irin pẹlẹbẹ méjì ni, wọ́n tò wọ́n léra nínú férémù kan, wọ́n fi bóòtù dè wọ́n. Ti òkè ló ń tún ohùn gìtá ṣe, ti ìsàlẹ̀ ló ń fún ohùn náà lágbára. Fáàfù ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì: ìgò kéékèèké tí irin tín-ín-rín wà nínú wọn, tí wọ́n máa ń pọ́n bí ẹyin iná tí iná bá ti wọ̀ wọ́n. Bàbá Ajíbádé ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án nílùú, ìyá onílé rí pípọ́n yẹn láti ihò ẹ̀yìn, ó ní iná ti ràn, ó sì da yẹ̀pẹ̀ odindi páànù kan lé e lórí. Ibi tí wọ́n ti ń gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò ni ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ inú rẹ̀. "Mo jẹun nínú yẹ̀pẹ̀ ìyá yẹn ju bí mo ṣe jẹun nínú oko bàbá mi lọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ìgbà tí èmi Súlè dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti Òkè-Ọdẹ, àpótí yìí kan náà ló fi kọ́ mi. Ó ní kí n má fi ojú wá àìsàn ẹ̀rọ, etí ni kí n fi wá a. Yóò tan án, yóò fi ìdí pẹ́ńsù kan àwọn fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó! kó! kó!, yóò máa tẹ́tí sí sípíkà. Èyí tó bá dún bí agogo nínú wọn, òun ni kò gbádùn.

Ohun kejì tó kọ́ mi, àpótí náà fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Wọ́n ti yọ iná rẹ̀ lára ògiri, mo rò pé ó ti kú, mo bá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. N kò mọ̀ pé iná máa ń sá pamọ́ sínú kapásítọ̀, kí ó dúró de aláìmọ̀kan. Ìdí tábìlì ni mo bá ara mi.

Ọ̀gá mi kò gbé ojú sókè nínú ohun tó ń ṣe. Ó ní, "Ṣé ó kí ọ?"

"Ó kí mi, sà."

"Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mo ṣubú, sà."

"Ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn. O káre. Ẹ ti mọ ara yín."

Nígbà tí ayé wá le, tí owó wa kò tó nǹkan mọ́, ọ̀gá mi ti kú, ó ti fi mítà tó fi ń wọn iná àti páálí fáàfù kan sílẹ̀ fún mi. Páálí náà ń fúyẹ́ lọ́dọọdún. Mo máa ń lọ sí Ìlọrin lọ wá òmíràn, àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò á sì máa wò mí bí ẹni tó ń béèrè owó ẹyọ. Ó ṣe, ó ku fáàfù kan ṣoṣo tó bá àpótí òkè mu. Mo fi òwú wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Ẹgbẹ́ náà ti dín kù sí àwọn àgbàlagbà mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé gìtá Bàbá Ọlágbayì sórí àpótí yẹn, àwọn ará ìlú á ní àwọn mọ ohùn yẹn níbikíbi.

Nígbà náà ni Dàpọ̀ dé láti Èkó. Ọmọ àbúrò Bàbá Ọlágbayì ni, ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé àpótí dúdú kan wá tí kò ju Bíbélì ńlá lọ. Kò sí fáàfù nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ ní ohùn gbogbo ámúpilifáyà tó lórúkọ láyé. Tẹ bọ́tìnnì, yóò sín èyí jẹ. Tẹ òmíràn, yóò sín ìyẹn jẹ. Ó ní òun fẹ́ fún Bàbá ní tuntun yìí, kí Bàbá fún òun ní ti àtijọ́.

Àlàájì Sálíù, tó ń ta gìtá olóhùn ńlá nínú ẹgbẹ́ náà, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dàpọ̀, tí tuntun bá dára ju ti àtijọ́ lọ, kí lo fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe?"

"Àlàájì, àwọn kan wà l'Ékòó tó ń wá irú rẹ̀."

"Kí ló dé tí àwọn yẹn ò fi ra tuntun?"

"Wọ́n fẹ́ràn ti àtijọ́ ni, sà."

"Àwa náà nìyẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Dàpọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọlágbayì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun so gìtá mọ́ tuntun náà. Ó ta á pẹ́, ó ta àwọn orin tí a kò gbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó parí, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ó ń gbìyànjú."

Àlàájì ní kí a má fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá ẹjọ́ náà. Kí Bàbá ta orin kan náà lórí méjèèjì, kí ẹnì kan tí kò rí i sọ èyí tó jẹ́ fáàfù. Tí onítọ̀hún bá mọ̀ ọ́n, àpótí kò ní kúrò ní Òmù-Àrán. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé orí òfo ni à ń jà lé, kí Dàpọ̀ máa gbé e lọ.

Mo ní, "Ṣé kò yẹ kí a bi Bàbá fúnra wọn?"

Àlàájì ní, "Ta ló ń bi ọkọ ìyàwó bóyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́wà? Ìwọ ni Ajíbádé fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ìwọ lo máa gbọ́ ọ."

Bàbá Ọlágbayì wò mí, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, iná ìjọba kò sí. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì fi àga mi sí ẹ̀yìn ilé náà, kí n kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Ojú ihò iná kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, nítorí náà wọ́n ní láti yọ ọ̀kan kí wọ́n tó ki èkejì. Àlàájì mọ̀ pé fáàfù máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ní kí wọ́n dúró ìwọ̀n kan náà lórí méjèèjì, kí n má bàa fi ìdádúró mọ̀ ọ́n. Ó rò ó dáadáa.

Bàbá ta orin lẹ́ẹ̀kíní. Mo dijú. Ohùn náà kún, ó rọ̀, ó fà gùn níbi tó yẹ kó fà gùn. Mo ní lọ́kàn mi pé fáàfù ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ki èkejì. Bàbá ta á. Ohùn kún, ó rọ̀, ó fà gùn. Mo ní lọ́kàn mi pé èyí gan-an ni fáàfù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: n kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti tú àpótí yẹn palẹ̀ tí mo sì tún un tò ju iye ìgbà tí mo lè kà, n kò mọ ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sín in jẹ. Òógùn bò mí nínú ìbòòji.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí etí mi ti gbọ́ láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ki èkejì, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kérora. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kún ẹrù lé lórí. Ti àkọ́kọ́, kò kérora rárá. Kọ̀ǹpútà kékeré kì í jẹ iná. Fáàfù ló ń jẹ iná bí ọmọ ọdẹ ṣe ń jẹ iyán.

Mo wá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi mí ni mo mọ̀. Mo jókòó, mo rò ó. Mo ro orúkọ ọ̀gá mi. Mo ro Bàbá Ọlágbayì, pé tí wọ́n bá gbé àpótí yẹn kúrò nílé rẹ̀, kí ló kù tí a ó fi mọ̀ ọ́n? Mo dìde, mo wọlé.

"Àkọ́kọ́ ni ti Dàpọ̀. Ìkejì ni fáàfù."

Àlàájì Sálíù na ọwọ́ sókè, ó ní, "Alihamudu! Ajíbádé kò kú." Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní, "Bọ̀dá Súlè, mo gbà fún yín." Ó di àpótí dúdú rẹ̀ sínú báàgì. Bàbá Ọlágbayì ní, "O ṣeun, Súlè," ó sì fi aṣọ nu eruku orí àpótí náà. Ó nù ún pẹ́.

Òjò ọdún náà kò tíì dá tí fáàfù kan fi kú nínú àpótí òkè. Mo mú èyí tó wà nínú agolo mílíìkì wá, kò lò ju ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ lọ. Mo wá òmíràn dé Ìlọrin, mo wá a dé Èkó. Ní Èkó ni mo ti gbọ́ pé Dàpọ̀ ti ré òkun kọjá, ó sì gbé àpótí dúdú rẹ̀ dání.

Mo lọ bá Bàbá Ọlágbayì níwájú ilé rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Nítorí náà, o ò mọ ohùn rẹ̀."

"N kò mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Oríkèé àwọn ìka náà ti wú, méjì nínú wọn kò ká dáadáa mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún nínú wa.

"Ti àtijọ́ yẹn, àfi kí n tẹ okùn gírígírí kó tó dá mi lóhùn. Ti Dàpọ̀, mo kàn fọwọ́ kàn án, ó ti gbọ́. Ọjọ́ tí mo ta á yẹn, ọwọ́ mi kò dùn mí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́, Bàbá?"

"Níwájú Sálíù? Kí n ní mo fẹ́ ti ọmọdé nítorí pé mi ò lè tẹ ti àwa àgbà mọ́?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ń retí kí o ṣì í ni, Súlè. Bí o bá ti ṣì í, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò ní bi mí léèrè."

Mo ṣe ohun tí ọwọ́ mi mọ̀. Mo to transístọ̀, ẹ̀yà kékeré ìgbàlódé tí kì í pọ́n, sínú àpótí òkè ní ipò fáàfù, ó sọ̀rọ̀, àwọn ará ìlú kò sì mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe èyí tó ń gbọ́ ìka tó rọra kàn án. Bàbá ta á níbi òkú méjì sí i, ó sì fi gìtá kọ́ ògiri.

Mo ti ń tún irú àpótí dúdú ti Dàpọ̀ ṣe báyìí, wọ́n ti wá pọ̀ nílùú, àmọ́ wọ́n pẹ́ jù fún Bàbá. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ mi, mo máa ń ní kó pe ẹni tó ń lò ó wá, kí n wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó wo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì tán nínú mi. Tí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì gba gìtá lọ́wọ́ àgbà. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ ló jókòó ti jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà, kí lò bá wọlé lọ wí?